Apá àbúrò mi há sínú bẹ́líìtì tí ń gbé òkúta: ṣé kí a fọwọ́ sí ìwé tí agbaṣẹ́ṣe gbé wá?

Àdùkẹ́ Ọmọ Alárọ (Ọjọ́ Ajé, aago 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó kọjá agbára èmi nìkan, mo sì ní láti dá ẹnì kan lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà ló gbà á. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kó òṣìṣẹ́ wá fún wọn ló gbà á, òun ló sì ń san 70,000 náírà fún un lóṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ṣọ́bìrì kó òkúta ẹfun tó bá dà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì gígùn tí ń gbé òkúta kúrò nídìí ẹ̀rọ tí ń fọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 sẹ́yìn, ní nǹkan bí aago méjì òru, ó ń kó òkúta nídìí róólà tó wà ní ìparí bẹ́líìtì náà. Bẹ́líìtì ń yí lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró. Apá ẹ̀wù rẹ̀ há sáàárín bẹ́líìtì àti róólà, ó sì fà á wọlé títí dé ìgbọ̀nwọ́. Okùn tí wọ́n máa ń fà kí ẹ̀rọ lè dúró lójú ẹsẹ̀ ti já láti bí oṣù kan, nítorí náà ńṣe ni ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà. Eegun apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ lọ́nà méjì, awọ sì bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọsibítù rán ọgbẹ́ náà, wọ́n di apá rẹ̀, ó sì ti wà nílé láti ìjẹrin.

Lánàá, agbaṣẹ́ṣe mú 150,000 náírà wá nínú àpò ìwé kan, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀. Ìwé náà sọ pé àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ láìgbàṣẹ, pé ó ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí i, àti pé kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Ìyá wa ní kí a fọwọ́ sí i, kí a fi owó náà gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní abúlé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a ṣe?

Ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ajé, aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba owó náà, ṣùgbọ́n kí ẹ ní kó fi kún un. Mo mọ ẹni mẹ́ta tó kọ irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ pe ẹjọ́. Ọdún kan kọjá, èkejì kọjá, agbaṣẹ́ṣe kó lọ, wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró de adájọ́.

Bàbá Ilé Ẹ̀rọ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:02 àárọ̀)

Ọdún 29 ni mo fi tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti fi ọ̀bẹ gé ẹ̀wù kúrò lára ènìyàn méjì tí bẹ́líìtì mú, nítorí náà n kò lè ka ọ̀rọ̀ yìí kí n sì dákẹ́.

Ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọ abẹ́ róólà ni ibi tó burú jù lọ. Lójú ẹni tó ń wò ó, kò yára, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi máa ń rò pé àwọn lè yọ ọwọ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti di etí aṣọ mú, kò sí agbára ènìyàn tó lè fà á padà. Nítorí èyí ni a kì í fi í kó òkúta nídìí rẹ̀ àyàfi tí a bá ti pa á. Pípa nìkan kò sì tó. A ó pa iná rẹ̀ níbi tí iná ti ń wọlé, olúkúlùkù ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kọ́kọ́rọ́ yóò sì wà lápò rẹ̀ títí yóò fi jáde. Bí a bá jẹ́ ènìyàn márùn-ún, àgádágodo márùn-ún ni yóò wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì jáde gbẹ̀yìn ni yóò ṣí èyí tó kù. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó tún tẹ bọ́tìnnì láti rí i dájú pé kò ní gbéra. Ẹni tó bá rán ọmọ ènìyàn lọ sábẹ́ bẹ́líìtì tó ń yí mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àdùkẹ́, ọmọ mi, béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ bóyá wáyà tí wọ́n fi ń bo róólà wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, àti bóyá wọ́n kọ ọ̀rọ̀ okùn tó já sínú ìwé tí a máa ń kọ nǹkan tó bàjẹ́ sí nígbà tí a bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Bí ẹnìkejì rẹ̀ bá lè ya àwòrán ibẹ̀, kó tètè yà á. Okùn tó já fún oṣù kan máa ń di títúnṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìjàǹbá.

Ní ti owó, ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin ń fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ní owó oṣù 54 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gan-an ni ó wà fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé Owó Oṣù (Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 àárọ̀)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹ tọ́ka sí ti kúrò nílẹ̀. Ọdún 2010 ni òfin tuntun lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ gba ipò rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ló sì ń bójú tó o. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù, èmi ni mo ń fi owó àjọ náà ránṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án, ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn.

Òfin yìí kò ya ọmọ abẹ́ agbaṣẹ́ṣe sọ́tọ̀. Ó dárúkọ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó tilẹ̀ kan ẹni tí wọ́n kàn fi ẹnu gbà láìsí ìwé. Nítorí náà àbúrò yín wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó mú yín sáré lónìí ni ọjọ́. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun ti farapa. Ẹ sọ pé ọjọ́ 11 ti lọ. Ọjọ́bọ̀ yìí ló pé. Lóòótọ́, wọ́n mọ̀, wọ́n sì ti wá sílé yín. Òfin náà sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ̀ nípa ìjàǹbá náà, àjọ lè gbà á wọlé bí kò tilẹ̀ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí pé wọ́n mọ̀, bí wọ́n bá sẹ́? Ẹ kọ lẹ́tà. Òfin kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò: orúkọ rẹ̀, ìgbà àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ìpalára tó ṣe é àti ohun tó fà á, ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ déètì sí i. Agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú ní ọjọ́ 7 tirẹ̀ láti fi tó àjọ létí, èyí tí ó jọ pé ó ti kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò béèrè owó náà lọ́dọ̀ àjọ, kí ọdún 1 tó pé láti ọjọ́ ìjàǹbá.

Ní ti ìwé tí wọ́n gbé wá, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn láti yááfì owó yìí. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i, nítorí gbólóhùn tó ní òun fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (Ọjọ́ Ajé, aago 12:10 ọ̀sán)

Àdùkẹ́, mo kí ọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní kúárì. Òun ló ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tipa tó bá ń rìn sẹ́yìn wá gba òkúta. Ní ọjọ́ kan tí eruku pọ̀, awakọ̀ kan kò rí i. Wọ́n kó fìlà rẹ̀, fóònù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan wá fún mi nínú àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti gbọn nù. Mo ṣì ń wá ẹsẹ̀ kejì títí di òní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n mú 300,000 náírà wá. Àwọn ẹbí ọkọ mi wà ní ìjókòó, gbogbo wọn ń wo ojú mi, wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí bínú lọ. Mo tẹ̀ka. Owó náà ran wá fún oṣù mẹ́rin. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó kú ni ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé ó yẹ kí èmi àti àwọn ọmọ ti máa gba owó lóṣooṣù, pé ọdún kan tí òfin fi sílẹ̀ láti béèrè ti kọjá. N kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó mú owó náà wá mọ̀.

Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ àti owó oògùn ló ń ba Màmá yín lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí ẹbí dáwó jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí. Ẹ má jẹ́ kí ìpayà ọjọ́ kan mú ọwọ́ ọmọ náà lọ síbi ìwé yẹn.

Akọ̀wé Owó Oṣù (Ọjọ́ Ajé, aago 1:05 ọ̀sán)

Ìyá wa, Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Mo fẹ́ ṣàtúnṣe kan tó lè ṣe yín láǹfààní. Ìka tí ẹ tẹ̀ yẹn kọ́ ló dí ọ̀nà. Àkókò ló kọjá. Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council, tó máa ń bá ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe ẹjọ́, kí wọ́n bá yín kọ̀wé sí àjọ náà pé a kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Fún opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù olóògbé ni òfin pè é. Ó tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun (Ọjọ́ Ajé, aago 3:48 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n apá yẹn ni mo fẹ́ béèrè. Àdùkẹ́, fọwọ́ kan orí ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó gbóná bíi ti ọwọ́ òsì? Tẹ èékánná rẹ̀ kí ó funfun, kí o fi í sílẹ̀: ṣé ó padà pọ́n lójú ẹsẹ̀? Ṣé ó lè mi àwọn ìka náà, ó sì ń mọ̀ bí o bá fọwọ́ kàn án? Bí ìka bá tutù, tó ń di dúdú, tí ibà ń mú un, tí ọgbẹ́ ń rùn, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, ẹ má dúró de ilẹ̀ ọ̀la. Bí kò bá sì lè la ẹnu dáadáa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le, àmì tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, ẹ sáré. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atoegun.

Àtàrí Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Nọ́ọ̀sì, n kò fara mọ́ èyí. Ẹsẹ̀ mi ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, ọsibítù ní àfi kí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, iye tí wọ́n sì pè kọjá agbára mi. Atoegun ló tò ó fún mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ sóko títí di òní. Ẹ má ṣe ba iṣẹ́ àwọn bàbá wa jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun (Ọjọ́ Ajé, aago 6:00 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo yọ̀ fún yín, n kò sì sọ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé awọ ẹsẹ̀ yín ya? Eegun tó ṣẹ́ lábẹ́ awọ tó pé yàtọ̀ sí apá tí ẹ̀rọ ti bó awọ rẹ̀, tó sì ti tẹ ẹran inú rẹ̀ fọ́. Bí wọ́n bá fi pákó àti aṣọ di irú apá bẹ́ẹ̀ pinpin, ṣe ni yóò wú sínú ìdì náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá mọ́, ẹran yóò sì kú. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí mo tú aṣọ náà, ìka rẹ̀ dúdú ó sì gbẹ bí ẹja tí wọ́n yan. Eegun ọrùn ọwọ́ lásán ló ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ohun tí ì bá ti jinná. Ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ti gé e.

Ní ti owó tí ẹ sọ, òótọ́ ni, owó náà wúwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé, nítorí ìtọ́jú wà lára ohun tí àjọ náà gbọ́dọ̀ san. Àdùkẹ́, bí ẹ bá lè dé ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta, tàbí ọsibítù eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, ẹ lọ. Ẹ sì gba ìwé dókítà tó ṣàlàyé ìpalára náà, nítorí ọ̀rọ̀ yín méjèèjì, ti apá àti ti owó, ló nílò rẹ̀.

Ẹni Iná Mọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 9:12 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Ibi ìwé àlàyé ìjàǹbá ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ mí níyà.

Ilé gogoro tí wọ́n ti ń mú ìyẹ̀fun òkúta gbóná kó tó wọ ààrò ńlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, ìyẹ̀fun náà máa ń dì mọ́ ọ̀nà, a ó sì fi irin gígùn gún un kó lè já. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ooru rẹ̀ ju 800 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì (Celsius). Lọ́jọ́ tèmi, wọn kò jẹ́ kí a dá ẹ̀rọ dúró, a kàn ń gún un lọ. Ó já lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tú jáde láti ojú ihò náà bí omi. Ìyẹ̀fun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi ló ṣe ń ṣàn, ó gba ọrùn ẹ̀wù mi wọlé, ó sì dúró sí ibi tí mo ti di ìgbànú. Ẹnìkejì mi ló gé ẹ̀wù náà kúrò lára mi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo lò ní ọsibítù.

Nígbà tí mo padà dé, mo bá ìwé tí wọ́n ti kọ pé òṣìṣẹ́ kò wọ aṣọ ìdáàbòbò tó yẹ, pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Aṣọ náà kò sí ní ilé iṣẹ́ látìgbà tí mo ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn ni mo wà nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ẹnìkejì mi sì fọwọ́ sí i nítorí kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá wọ̀, ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà.

Àdùkẹ́, jẹ́ kí ọmọ náà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ lónìí, nígbà tó ṣì rántí aago, ẹni tó pàṣẹ àti ọ̀rọ̀ tó sọ. Kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:00 àárọ̀)

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ, mo sì gbà pé ìmọ̀ràn tí mo fún un lánàá kò dára tó. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Bí àjọ náà bá san owó, ṣé wọn kò tún lè pe agbaṣẹ́ṣe lẹ́jọ́ nítorí okùn tó já náà?

Akọ̀wé Owó Oṣù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:25 àárọ̀)

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni. Òfin ọdún 2010 fi owó yìí rọ́pò ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ lè pe ọ̀gá rẹ̀ lórí àìbìkítà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi kó tó gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe iye tí ilé ẹjọ́ lè pè. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè owó náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà han agbẹjọ́rò tó máa ń lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún 1 ni ẹ ní fún ìyẹn. Lẹ́tà ọjọ́ 14 kò lè dúró.

Okùn tó já ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sọ pé ẹni tó ni ibi iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bo ẹ̀rọ tó lè pa ènìyàn lára, kó sì fi ìjàǹbá tó bá mú òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọjọ́ 3 lọ tó àwọn alábòójútó létí ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín dé ọ́fíìsì wọn.

Àdùkẹ́ Ọmọ Alárọ (Ọjọ́rú, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. A kò fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe, a sì dá owó rẹ̀ padà níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Ìka àbúrò mi gbóná, ṣùgbọ́n méjì nínú rẹ̀ kò mọ̀ bí mo bá fọwọ́ kàn án, nítorí náà a gbé e lọ sí Ìdí-Àbà lánàá, wọ́n sì dá a dúró. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, nígbà tí mo ka ìtàn ọmọkùnrin yẹn fún un, kò sọ̀rọ̀ atoegun mọ́.

Ẹnìkejì rẹ̀ fi àwòrán méjì ránṣẹ́. Òótọ́ ni Bàbá sọ: wọ́n ti so okùn tuntun, funfun, ṣùgbọ́n wáyà tí ó yẹ kó bo róólà ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, koríko ti hù gba àárín rẹ̀.

Àbúrò mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo mú lẹ́tà lọ lónìí. Agbaṣẹ́ṣe gbà á, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n sì kọ déètì. Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Ọwọ́ òsì ni ó fi fọwọ́ sí lẹ́tà náà, orúkọ rẹ̀ wọ́, kò jọ èyí tó wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ṣé wọn kò ní sọ pé òun kọ́ ló kọ ọ́?

Akọ̀wé Owó Oṣù (Ọjọ́rú, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tẹ àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà lórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹni méjì tó wà níbẹ̀ kọ orúkọ wọn àti déètì sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé apá ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe léṣe. Fún agbaṣẹ́ṣe tó kọ̀, ẹ ya àwòrán lẹ́tà náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ lálẹ́ òní kí Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, kí ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́.

Bàbá Ilé Ẹ̀rọ (Ọjọ́rú, aago 6:45 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, fi àwòrán wáyà tí koríko hù láàárín rẹ̀ yẹn pa mọ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Koríko kì í hù lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tó lè sọ iye ìgbà tí ó yẹ kí wáyà náà fi wà lórí róólà, mo ṣì lágbára láti wọ ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta.